Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni ra iná fún bísínẹ́ẹ̀sì yín

Omi ni mo kọ́kọ́ rí. Ọjọ́ Ajé kan ni nínú oṣù keje, òjò ti ń rọ̀ ṣáá láti ọjọ́ Ẹtì, mo wá ṣí ṣọ́ọ̀bù wa l'Ójòó láàárọ̀, mo rí omi tó ń jò bọ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn kóòdù-rúùmù. Mo kọ́kọ́ rò pé òjò ló wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kàn án, ó ń yọ̀, ó sì ń rùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti wọ kóòdù-rúùmù rí, ẹ mọ̀ pé téèyàn bá ti fa ilẹ̀kùn yẹn báyìí, èéfín funfun ló máa ń tú lu èèyàn lójú, òtútù á sì gbá èèyàn láyà. Lọ́jọ́ yẹn èéfín kankan ò jáde. Àwọn páálí ẹja tó máa ń le gbagidi bí òkúta ti rọ̀, tòkè ti tẹ tìsàlẹ̀ pa, páálí ìsàlẹ̀ ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo yọ Titus kan, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ níkùn, àtàǹpàkò mi wọlé. Páálí 63 ló lọ, Titus, kótè, ṣàwà, pańla, gbogbo ẹ̀ pátá.

Mọ́mì mi ò pariwo. Wọ́n kàn fa àpótí kan, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo omi yẹn, ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, wọ́n wá ní, "Ṣebí wọ́n ní iná tiwọn kì í lọ?"

Àwọn tí Mọ́mì ń sọ ni kọ́ńpìnnì sóólà kan tá a bá tọwọ́ bọ̀wé ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ìgbà yẹn, pé kí wọ́n gbé pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì wá, ká máa san owó fún wọn lóṣooṣù. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí kì í ṣe tìtorí orúkọ ni mo ṣe ń kọ èyí. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé láti ìgbà yẹn ni àwọn tá a jọ ń ṣòwò ti ń pè mí, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn sì ń bi mí, "Àǹtí ẹlẹ́ja, kọ́ńpìnnì wo ló dáa ká bá ra iná?" Àbí kí wọ́n ní, "Èló ni wọ́n ń ta yúnìítì kan?" Mo ti wá rí i pé ẹ̀yìn ló yẹ kí ìbéèrè méjèèjì yẹn wà. Èyí tó yẹ kó ṣíwájú ni pé, wákàtí wo ni iná ò gbọdọ̀ lọ mọ́ ọ lọ́wọ́, tó bá sì lọ ní wákàtí yẹn, ta ló máa sanwó ohun tó bàjẹ́?

Nígbà tí dádì mi bẹ̀rẹ̀ ẹja títà, kò sóhun tó ń jẹ́ pé èèyàn ń yan ẹni tó máa bá ra iná. ECN ni wọ́n ń pè é láyé àwọn bàbá wọn, ó di NEPA lọ́dún 1972, ó di PHCN lọ́dún 2005, nígbà tó wá di ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba kó àwọn ẹ̀ka tó ń pín iná fún àwọn aládàáni, bó ṣe di IBEDC lọ́wọ́ tiwa nìyẹn, tí wọ́n ń pín iná fún Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Kwara àti apá kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ míì. Orúkọ ló ń yí padà, wáyà kan náà ló ń wọlé. Àmọ́ nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan tí ọ̀pọ̀ wa tá a wà nínú ọjà ò gbọ́ sí. Lọ́dún 2017, ìjọba ṣí ọ̀nà fún àwọn tó ń lo iná tó pọ̀ gan-an, ìyẹn àwọn tí ohun tí wọ́n ń fà tó 2 mẹ́gáwáàtì, pé wọ́n lè lọ bá àwọn tó ń ṣe iná gan-an dúnàádúrà, kí ẹni tó ń pín iná kàn gba owó wáyà ẹ̀. Lọ́dún 2023, wọ́n tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe, lẹ́yìn náà wọ́n buwọ́ lu òfin iná tuntun ní oṣù kẹfà, òfin yẹn ló jẹ́ kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè máa bójú tó ọjà iná tiẹ̀, Ọ̀yọ́ náà sì ti ní àjọ tiẹ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná báyìí. Torí náà tẹ́nì kan bá wá bá yín pé òun fẹ́ ta iná fún yín n'Íbàdàn, ẹ bi í pé abẹ́ ta ló wà, ìwé wo ló ní, kó fi hàn yín. Iná kékeré tí ò kọjá 1 mẹ́gáwáàtì lójú kan, òfin 2023 ò ní kó gbàṣẹ kó tó máa ṣe é, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé sóólà wá fún ṣọ́ọ̀bù ló sì wà nísàlẹ̀ iye yẹn, ìyẹn ni pé kò sí ìjọba tó ti bá yín yẹ̀ wọ́n wò, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa yẹ̀ wọ́n wò.

2 mẹ́gáwáàtì yẹn ńkọ́? Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa, kóòdù-rúùmù wa ò débẹ̀. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ méjì la ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 5 hóòsì, ìyẹn bíi 3.7 kìlówáàtì, méjèèjì pa pọ̀ ò pé 8. 2 mẹ́gáwáàtì jẹ́ 2,000 kìlówáàtì. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá bíi tàwọn tó wà ní Olúyọ̀lé ló ń sún mọ́ irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà yẹn fàyè gba kí àwọn oníbàárà kóra jọ sábẹ́ mítà kan, bí wọ́n bá wà lórí wáyà ńlá tó ń gbé iná 11 tàbí 33 kV, tí àpapọ̀ wọn sì tó 2 mẹ́gáwáàtì yẹn. Ọ̀nà míì tún wà tó jẹ́ tàwọn ọjà, irú èyí tí REA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú iná dé ìgbèríko, bá wọn ṣe ní ọjà Sura l'Ékòó, Ariaria ní Aba àti Sabon Gari ní Kano, tí ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ń ṣe iná fún gbogbo ọjà, tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan sì ní mítà tiẹ̀. Ó dùn mí pé a máa ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo nǹkan nílùú yìí, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja, ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì, ẹgbẹ́ onípíọ̀-wọ́tà, a máa ń dáwó ìnáwó, a máa ń ra aṣọ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n tó bá kan iná, oníkálukú á gbé jẹnẹrétọ̀ tiẹ̀ síta, gbogbo ẹ̀ á máa hó lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ n padà sórí wákàtí tí mo sọ. Alhájì kan wà ní Mọ́níyà tó ń ṣe píọ̀-wọ́tà, èèyàn dádì mi ni wọ́n, àwọn ni mo lọ bá lẹ́yìn tí ẹja yẹn bàjẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, jókòó, mo ti gbọ́." Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn, wọ́n fi pánẹ́ẹ̀lì tó wà lórí páànù hàn mí, ó pọ̀ gan-an, mo wá bi wọ́n pé bátìrì dà, wọ́n fi ọ̀kan péré hàn mí nínú kọ́ńà, pé tàwọn gílóòbù àti kọ̀ǹpútà ni. Ẹnu yà mí. Wọ́n ní, "Ìgbà wo ni mo máa ń fa omi? Ọ̀sán. Ìgbà wo ni mo máa ń di ọ̀rá? Ọ̀sán. Táńkì mi tó ń bẹ lókè yẹn, tó bá ti kún nígbà tí oòrùn wà, ó ti tán. Kí ni mo fẹ́ fi bátìrì ṣe?" Wọ́n ní ẹni tó wá ta sóólà fún àwọn kọ́kọ́ fẹ́ ta bátìrì bí ẹni ta bíríkì fún àwọn, àwọn sì ní kó máa gbé e lọ.

Ìdáhùn yẹn ò wá lè jẹ́ tèmi, torí òru ni ẹja mi ń kú. Oníbúrẹ́dì tó wà ní Ṣáṣá, òru ni tiẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun nìkan ló ń fi iná gbé, ààrò ẹ̀ gáàsì ni, wákàtí mẹ́ta péré ni iná ṣe pàtàkì sí i, láti agogo mọ́kànlá sí agogo méjì. Àwọn tó ń tẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá, kì í tiẹ̀ ṣe pé iná lọ ló ń dùn wọ́n jù, bí iná bá ń lọ sókè sódò ni, tí fèésì kan bá já nígbà tí ìwé wà nínú ẹ̀rọ, ìwé bàjẹ́, íńkì bàjẹ́, nígbà míì bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ á jó. Èèyàn mẹ́rin nìyẹn, iná tó dáa fún ọ̀kan ò dáa fún èkejì, tí gbogbo wa bá wá ń béèrè pé kọ́ńpìnnì wo ló dáa, kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ sọ?

Ohun tí Alhájì ní kí n kọ́kọ́ ṣe ni pé kí n lọ mọ iye tí mò ń jẹ. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, mo máa ń ra káàdì. Wọ́n ní rárá, káàdì tó o rà ò sọ iye tí jẹnẹrétọ̀ ẹ gbé. Wọ́n ní kí n ra mítà kékeré kan, kí oníná bá mi so ó sẹ́yìn chénjì-ófà, kó lè jẹ́ pé ibi yòówù kí iná ti wá, iná ọba ni o, jẹ́nì ni o, sóólà ni o, ó máa kà á. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ra ìwé bébà kan, mo so ó mọ́ ìkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ló ń kọ ọ́, agogo mẹ́fà àárọ̀, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ wo ọjọ́ kan níbẹ̀: àárọ̀ 41,207, ìrọ̀lẹ́ 41,262, àárọ̀ ọjọ́ kejì 41,305. Ìyẹn ni pé a jẹ yúnìítì 55 lójú ọjọ́, a jẹ 43 lóru. Èmi ti rò pé òru la ń jẹ iná jù! Ọ̀sán la ń jẹ jù, torí ọ̀sán la máa ń ṣí ilẹ̀kùn, gbogbo ìgbà tí ìyá kan bá wá ra kótè kìlò méjì, òtútù ń jáde, ooru Ìbàdàn ń wọlé. Oṣù kan gbáko la fi kọ nǹkan yìí, ó sún mọ́ yúnìítì 100 lójúmọ́, 3,000 lóṣù.

Ìgbà tí mo ti ní iye yẹn lọ́wọ́ ni mo tó lè ṣírò, ẹ bá mi ṣe é, torí ibí yìí ni wọ́n ti ń yí wa lórí. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, owó yúnìítì iná fún Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún, kúrò ní bíi ₦68 ó fò sí ₦225, lẹ́yìn ìgbà yẹn ó wálẹ̀ díẹ̀. Ká fi ₦210 ṣírò, ká fi owó VAT 7.5% lé e, ó di bíi ₦226. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Jẹ́nì irú tiwa, tó bá ń gbé ẹrù tó pọ̀ tó, lítà dísù kan máa ń fún èèyàn ní bíi yúnìítì mẹ́ta. Ká sọ pé ₦1,200 ni lítà kan, yúnìítì kan ti di ₦400 nìyẹn, ẹ ò tíì ra ọ́ìlì, ẹ ò tíì pe mẹkáníìkì. Ó dáa. Tí iná ọba bá wá fún wákàtí 20, yúnìítì 83 nínú 100 á wá látibẹ̀, 17 á wá láti inú dísù, àpapọ̀ ẹ̀ á jẹ́ bíi ₦25,500 lójúmọ́, ìyẹn ₦255 fún yúnìítì kan. Tó bá jẹ́ wákàtí 14 ló wá, 58 látọ̀dọ̀ iná ọba, 42 látinú dísù, ó di bíi ₦29,900, ìyẹn ₦299. Owó tí wọ́n kọ sórí rìsíìtì káàdì yín kọ́ ni owó iná yín. ₦299 yẹn ni owó iná yín. Tí onísóólà kan bá wá ní ₦270 ni tòun, ẹni tó ń gba wákàtí 14 máa jèrè, ẹni tó ń gba 20 máa pàdánù, tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ọmọ títa ọjà wọn á wá sọ fún àwọn méjèèjì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ sóólà, ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ iná ọba tó wà nílẹ̀. Ẹ mọ fíìdà tẹ́ ẹ wà lórí ẹ̀, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sádùúgbò yín, ẹ mọ báǹdì yín, ìyẹn iye wákàtí tí wọ́n ṣèlérí fún yín lójúmọ́. A ni wákàtí 20 ó kéré tán, B ni 16, C ni 12, D ni 8, E ni 4. Ẹ máa kọ wákàtí tí iná fi wà sílẹ̀, kẹ́ ẹ má fi orí lásán sọ ọ́, torí ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2024 sọ pé tí fíìdà Band A ò bá rí wákàtí ẹ̀ fún ọjọ́ méjì tẹ̀ léra, ẹni tó ń pín iná gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fáyé gbọ́ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e kó tó di agogo mẹ́wàá àárọ̀, tó bá di ọjọ́ méje, kí wọ́n já fíìdà yẹn wálẹ̀ sí báǹdì tó bá iye wákàtí tó ń rí mu. Ẹni tó ní ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ló lè fi ìyẹn sọ̀rọ̀. Ẹ tún wo irú oníbàárà tí wọ́n kọ yín sí, bóyá MD ni, ìyẹn àwọn oníbàárà ńlá tó ń fa iná tó pọ̀, àbí Non-MD, torí owó wọn kì í ṣe ọ̀kan náà nígbà gbogbo. Tó bá sì jẹ́ pé tíránsífọ́mà lẹ fẹ́ fowó ara yín rà, ẹ má náwó kankan láìṣe pé ìwé àdéhùn wà pẹ̀lú ẹni tó ń pín iná, tó sọ bí wọ́n ṣe máa dá owó yín padà. Mo mọ àdúgbò tí wọ́n dáwó ra tíránsífọ́mà, tí wọn ò ní bébà kankan lọ́wọ́ títí dòní.

Àbúrò mi kan wà ní Manchester, ó ní ṣọ́ọ̀bù irun. Tá a bá ń sọ̀rọ̀ iná, mo máa ń rò pé wọ́n ti bọ́ níbẹ̀ yẹn, torí wáyà kan ló wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ṣùgbọ́n ó lè yan nínú ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnnì ẹni tó máa ta iná inú wáyà yẹn fún un. Ó ní, "Àǹtí mi, wọ́n ń rẹ́ wa jẹ níbí náà o." Ó ní ẹnì kan á kàn pe èèyàn lórí fóònù, alárinà ni, á ní òun máa bá ẹ wá owó tó dáa, tó o bá ti ní "bẹ́ẹ̀ ni" lórí fóònù, àdéhùn ti wà nìyẹn, torí oníṣòwò ni ẹ́, kì í ṣe bíi tàwọn onílé tí wọ́n ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà. Owó alárinà yẹn, inú yúnìítì ló máa ń wà. Tí àdéhùn bá parí tó o sì jókòó tẹtẹrẹ, wọ́n á gbé ẹ sórí owó tó wọ́n gan-an. Owó ojoojúmọ́ tún wà tí wàá san bóo tan iná bó ò tan án. Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀ tán ni mo lọ mú ìwé àdéhùn tèmi jáde, mo sì kà á láti òkè délẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́, láàárín òru, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn nìyí. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, oòrùn ò jáde, bátìrì ò kún. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, oṣù keje n'Íbàdàn bẹ́ẹ̀ ló rí, kìlówáàtì pánẹ́ẹ̀lì kan tó lè fún èèyàn ní bíi yúnìítì mẹ́rin lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní fún un ní méjì lábẹ́ irú ìkùukùu yẹn. Wọ́n ti sọ fún wa pé tí bátìrì bá ti wálẹ̀, chénjì-ófà wọn á fúnra ẹ̀ yí wa sórí iná ọba. Kò yí. Ó há síbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ní àwọn ń wo ẹ̀rọ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru, ẹnì kankan ò pè wá láti alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ohun tó sì máa ń dùn mí títí dòní ni pé iná ọba wà ládùúgbò wa ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn. Gílóòbù ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tiwa ń tàn. Ọwọ́ kan péré, kẹ́nì kan fọwọ́ yí i, ẹja wa ì bá má bàjẹ́.

Nínú ìwé àdéhùn, ojú ewé 9, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ò ní dáhùn fún ọjà yòówù tó bá bàjẹ́. Ojú ewé 4, pé owó oṣù pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́. Ojú ewé 6, pé tá a bá fẹ́ jáde kí ọdún márùn-ún tó pé, a máa san gbogbo oṣù tó kù. Ibì kankan ò sí tí wọ́n ti sọ iye wákàtí tí iná gbọ́dọ̀ fi wà. "Iná kì í lọ" tí wọ́n ń sọ fún wa yẹn, ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́, wọn ò kọ ọ́ síbì kankan nínú ìwé.

Torí náà, ìwé yẹn gan-an lẹ ń rà. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ iye wákàtí tàbí iye yúnìítì tí wọ́n ṣèlérí, àti ohun tí wọ́n máa dá padà nínú owó oṣù tí kò bá pé bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè pé tí nǹkan bá bàjẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, wákàtí mélòó ni ẹnì kan máa fi dé, nọ́ńbà ta lẹ máa pè, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bátìrì tó bá kú lọ́dún kẹrin, owó ta ni? Ṣé náírà ni owó oṣù yìí máa jẹ́ títí dópin àbí wọ́n so ó mọ́ dọ́là, torí ọ̀pọ̀ ti so ó, ẹni tó tọwọ́ bọ irú ẹ̀ ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023 tí náírà já, ẹ lọ bi í. Ta ló ni pánẹ́ẹ̀lì nígbà tí ọdún bá pé? Tó bá jẹ́ ilé yíyá lẹ wà, kí láńlọ́ọ̀dù náà tọwọ́ bọ̀wé pé òun mọ̀ pé pánẹ́ẹ̀lì orí òrùlé kì í ṣe tòun, torí ìjà ńlá nìyẹn tẹ́ ẹ bá ń kó jáde. Kí lọ́yà kà á, bó tiẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ yín ni, kó ṣáà kà á.

Nǹkan kan tún wà táwọn tó ń ta sóólà kì í fẹ́ sọ fún oníkóòdù-rúùmù, ẹni tó ń tún kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ṣe fún wa ló là mí lójú. Ó ní, "Àǹtí, yìnyín fúnra ẹ̀, bátìrì ni." Ẹja tó ti dì gbọ́dọ̀ wà ní -18°C tàbí kó tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí oòrùn bá wà lọ́sàn-án, kí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ṣiṣẹ́ kíkankíkan títí á fi dé -24, ká wá ti ilẹ̀kùn pa lálẹ́ ká má ṣí i mọ́. A dán an wò. Láti agogo méje alẹ́ tó wà ní -24, ó dé -19 ní agogo márùn-ún àárọ̀, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ò sì ṣiṣẹ́ rárá láàárín ìgbà yẹn. Rọ́bà tó yí ilẹ̀kùn ká la kọ́kọ́ pààrọ̀ o, torí ti tẹ́lẹ̀ ti gé. Rọ́bà yẹn ò wọ́n, síbẹ̀ ó dín bátìrì tá a nílò kù ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọ títa ọjà bá wa sọ lọ. Ó tún ní ká fi ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ soft starter sí kọ̀mpúrẹ́sọ̀, torí tó bá ń ṣí, ó lè fa iná ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà èyí tó ń jẹ tó bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ, ìyẹn ló sì ń mú kí wọ́n ta inverter tó tóbi ju ohun téèyàn nílò lọ fún wa.

Nígbà tá a kúrò lọ́dọ̀ àwọn ti àkọ́kọ́, tìjà-tìjà ni, lọ́yà ló bá wa dá sí i, a san oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó kó ẹrù wọn. Kọ́ńpìnnì mìíràn la ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Nígbà tí bọ̀ọ̀dá wọn kọ́kọ́ wá, mo gbé ìwé bébà yẹn kalẹ̀ níwájú ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó ṣí i, ó ń wò ó lójú ewé lójú ewé, ó dákẹ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ dákun, ṣé mo lè fi fóònù ya èyí?" Mo ní kó yà á. Nígbà tó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, bátìrì tó fẹ́ tà fún wa ti dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n máa ń mú wá, chénjì-ófà sì ti di èyí tá a lè fọwọ́ yí, tí ọmọ wa náà lè yí.

A ti gba wákàtí mẹ́fà fún ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi dé, òru tàbí ọ̀sán. A ti gba pé ọjọ́ tí iná ò bá pé, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó oṣù. Ibi tó kù ni ojú ewé 9 tiwọn náà, ọ̀rọ̀ ọjà tó bá bàjẹ́. Wọ́n ní àwọn ò lè san owó ẹja. Mo ní ó dáa, ẹ san owó insúráńsì ẹja, ẹ fi sínú owó oṣù, ká mọ̀ ọ́n. Bọ̀ọ̀dá yẹn ní òun máa lọ bi ọ̀gá òun. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń padà bọ̀, Alhájì Mọ́níyà ní àwọn á wà níbẹ̀, Mọ́mì sì ti ní kí n má gbé bíírò kankan sórí tábìlì títí wọ́n á fi ka ojú ewé yẹn sókè fún àwọn gbọ́.